Bí Àgbàlagbà Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Ṣẹ̀dá Orin ní Èdè Yorùbá

Àgbàlagbà tí ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀dá orin ní èdè Yorùbá kò wá pẹ̀lú ọwọ́ òfo. Ẹni tí ó ti lo ogójì ọdún láàrin àwọn tí ń sọ èdè yìí ti gbọ́ orin ìkómọ, orin ìgbéyàwó, orin òkú àgbà, orin ìjọ, orin àsálátù àti orin eré òṣùpá, débi pé bí wọ́n bá jí i láàrin òru, yóò lè gbe orin tí kò ronú kàn láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tí ó sábà máa ń dí i lọ́wọ́ ni èrò pé dùùrù tàbí gìtá ni ó yẹ kí òun kọ́kọ́ kọ́, tàbí pé ó yẹ kí òun rí ohùn orin dídùn kan ná kí òun tó máa wá ọ̀rọ̀ tí yóò bá a mu. Ní èdè tiwa, ọ̀nà yẹn kò gún. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ti gbé ohùn tirẹ̀ dání kí ó tó dé ẹnu akọrin, nítorí náà iṣẹ́ ẹni tí ń ṣẹ̀dá orin ni pé kí ó gbọ́ ohùn náà dáadáa, kí ó fà á gùn níbi tí ó bá yẹ, kí ó sì fún un ní ìlù tí yóò máa rìn lé lórí. Orí èyí ni gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí dúró lé.

Ẹ kọ́kọ́ kó orin tí ẹ mọ̀ jọ

Ẹ mú jọ́tà kan àti bírò, kí ẹ kọ ìlà àkọ́kọ́ orin mẹ́wàá tí ẹ mọ̀ láìwo ìwé sílẹ̀. Ẹ má ṣe ṣa èyí tí ẹ rò pé ó níyì. Èyí tí ó bá kọ́kọ́ sọ sí yín lọ́kàn ni kí ẹ kọ. Lẹ́yìn náà, ẹ mú mẹ́ta nínú wọn, kí ẹ kọ gbogbo ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń jáde lẹ́nu, kí ẹ sì fi àmì sí ibi tí ẹni tí ń lé orin ti dákẹ́ tí àwọn elégbè sì gbà á. Ẹ ó rí i pé ègbè sábà máa ń kúrú, pé ó lè má ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, àti pé kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lílé ni ó ń yí. Ìmọ̀ kékeré yìí yóò gba ẹrù púpọ̀ kúrò lórí ẹni tí ó rò pé òun ní láti kọ ọ̀rọ̀ ojú ewé méjì kí orin òun tó pé.

Àwo orin àtijọ́ wúlò fún ẹ̀kọ́ yìí ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Àwo tí ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan kò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ ní ojú kan, nítorí náà ó di dandan fún àwọn olórin ìgbà náà láti mú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, kí wọ́n sọ ọ́ dé ojú àmì, kí wọ́n sì dákẹ́. Ẹ wá àwọn orin kúkúrú tí I. K. Dairo ṣe ní àwọn ọdún 1960 gbọ́, kí ẹ sì máa kíyè sí bí ègbè ṣe tètè wọlé. Nígbà tí àwo ńlá tí ó lè gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ní ojú kan gbòde, Ebenezer Obey àti Sunny Ade bẹ̀rẹ̀ sí í so orin pọ̀ mọ́ orin títí ojú àwo yóò fi kún. Ìyẹn dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kì í tètè rí egungun orin nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹnì kan ṣe lè lé orin lọ́nà tí ó fara balẹ̀, tí ọ̀rọ̀ gígùn yóò sì máa wọlé láìsí pé ìlù ń sáré, ẹ lọ fetí sí àpàlà Haruna Ishola.

Ẹ yan ọ̀rọ̀ kan, kí ẹ sì mọ ẹni tí ẹ ń sọ ọ́ fún

Ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ ni ó máa ń fẹ́ kọrin nípa ìfẹ́, nípa ayé tàbí nípa àlàáfíà, kí wọ́n tó kọ ìlà méjì ọ̀rọ̀ ti tán, nítorí pé ohun tí wọ́n dì mú ti fẹ̀ jù. Orin Yorùbá fẹ́ràn kí a bá ẹnì kan sọ̀rọ̀: ìyá, ọkọ, orogún, ọmọ tí ń sunkún, ìlú ẹni, Ẹlẹ́dàá. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ dáhùn ìbéèrè méjì yìí sínú ìwé yín: ta ni mo ń bá sọ̀rọ̀, kí sì ni ohun kan tí mo fẹ́ kí ó gbọ́? Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun náà ní gbólóhùn kan bí ẹ ó ṣe sọ ọ́ fún aládùúgbò yín, láìṣe ẹwà sí i rárá.

N ó lo àpẹẹrẹ kan títí dé òpin kí a lè jọ rí iṣẹ́ náà. Ká ní a fẹ́ kọ orin kan nípa ìyá tí ń ti ọjà alẹ́ bọ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń retí rẹ̀. Gbólóhùn tí ó wá sí ẹnu láìfipá ni: «Ìyá mi ń bọ̀ látọ̀nà ọjà.» Kò sí ohun tí ó ṣàrà ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ gbọ́ ohùn tí ó wà nínú gbólóhùn náà

Ibí ni iṣẹ́ wà jù, mo sì rọ̀ yín kí ẹ má ṣe fò ó. Èdè wa ní ohùn mẹ́ta, òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, èyí tí wọ́n fi mí, re àti dò kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Dò, re, mí yìí kì í ṣe òòtẹ̀ dùùrù, ìyẹn ìró orin kọ̀ọ̀kan tí dùùrù ń mú jáde, gan-an. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé èyí lọ sílẹ̀, èyí dúró láàrin, èyí sì gòkè. Ẹ pín gbólóhùn yín sí sílébù, kí ẹ kọ ohùn ọ̀kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ rẹ̀:

Ì – yá – mi – ń – bọ̀ – lá – tọ̀ – nà – ọ – jà
dò – mí – re – mí – dò – mí – dò – dò – re – dò

Ẹ wá fi fóònù gba ohùn ara yín sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń sọ gbólóhùn yìí ní pẹ̀lẹ́tù, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹnu dé, kí ẹ fi imú kùn ún láìsí ọ̀rọ̀. Ohun tí ń jáde yẹn, bí ẹ bá fà á gùn díẹ̀, ti ń di orin. Ẹ máa kùn ún lọ títí ọ̀nà kan pàtó yóò fi dúró sí yín létí, kí ẹ tó dá ọ̀rọ̀ padà sínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ẹ ti ní òmìnira àti ibi tí ẹ kò ti ní in. Láti «yá» sí «mi», orin gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè sọ̀ díẹ̀, ó sì lè sọ̀ jìnnà. Èyí wà lọ́wọ́ yín. Láti «bọ̀» sí «lá», ó gbọ́dọ̀ gòkè. Sílébù méjèèjì inú «tọ̀-nà» wà ní ìsàlẹ̀, nítorí náà ẹ lè dúró sójú kan tàbí kí èkejì rẹlẹ̀ ju èkíní lọ díẹ̀, nítorí bí ohùn wa ṣe máa ń rọ̀ sílẹ̀ bí gbólóhùn bá ń lọ sí òpin náà nìyẹn. Àmọ́ ibi tí olùbẹ̀rẹ̀ ti máa ń ṣubú ni òpin ìlà, nítorí pé ó ń fẹ́ kí orin parí sókè. Bí ẹ bá gbé «jà» ga ju «ọ» lọ, ohun tí etí yóò gbọ́ ni ọ̀já tí a fi ń pọn ọmọ, ìyá kò sì ní ti ọjà bọ̀ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ òpin tí ó gòkè dandan, ọ̀rọ̀ ni kí ẹ pààrọ̀: «Ìyá mi lọ sọ́jà, ó ti délé» parí pẹ̀lú mí méjì, ohùn tí ẹ fẹ́ yóò sì bá a lọ láìjà. Bákan náà, ẹ lè fi «o» tàbí «e» kún òpin ìlà, kí ẹ máa fi dárà bí ó ti wù yín, nítorí pé ohùn ìpè tí kò ní ìtumọ̀ tirẹ̀ kò lè ba ìtumọ̀ jẹ́.

Ìtàn orin ìjọ ní ilẹ̀ wa jẹ́ ẹ̀rí fún ohun tí mo ń sọ. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí wọ́n túmọ̀ orin ìsìn láti èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn orin àwọn òyìnbó ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ́, tí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó lọ sílẹ̀ sì ń gòkè, débi pé ẹni tí kò ní ìwé lọ́wọ́ lè má mọ ohun tí wọ́n ń kọ. Àwọn tí wọ́n wá tún un ṣe ni àwọn tí wọ́n fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin fún Ọlọ́run. Ọ̀kan nínú wọn ni Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, tí ó tilẹ̀ gba irú àwọn orin bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922. Ẹ lè fi èyí ṣe ìdárayá fún etí yín: ẹ mú orin ìjọ kan tí a túmọ̀, kí ẹ kọ dò, re, mí sí abẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́, kí ẹ máa fi bírò sàmì sí gbogbo ibi tí orin ti lòdì sí ọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá ṣe èyí fún orin mẹ́ta kò ní nílò kí ẹnikẹ́ni tún bá a wí lórí ọ̀rọ̀ ohùn mọ́.

Ègbè ni kí ẹ kọ́kọ́ parí

Kí ẹ tó kọ ìlà kejì lílé, ẹ wá ègbè. Èyí tí mo yàn fún orin wa ni: «Káàbọ̀, ìyá wa, káàbọ̀.» Ohùn rẹ̀ ni mí dò dò, dò mí re, mí dò dò. Ó kúrú débi pé èémí kan gbé e. Ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin rẹ̀ jọra, nítorí náà ẹni tí ó pẹ́ dé yóò ti mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n bá gbè é lẹ́ẹ̀kejì. Mo lo «wa» dípò «mi» nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò máa gbè é, ó sì yẹ kí ẹni tí ń gbè rí ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ. Ìdánwò kan wà tí ègbè gbọ́dọ̀ yege: ó gbọ́dọ̀ bá gbogbo ìlà lílé mu, ní ìtumọ̀ àti ní èémí, láìka ìlà tí ó ṣáájú rẹ̀ sí.

Orin wa wá di báyìí:

Lílé: Ìyá mi ń bọ̀ látọ̀nà ọjà.
Ègbè: Káàbọ̀, ìyá wa, káàbọ̀.
Lílé: Igbá lórí, fìtílà lọ́wọ́.
Ègbè: Káàbọ̀, ìyá wa, káàbọ̀.
Lílé: Kò gbàgbé àkàrà ọmọ rẹ̀.
Ègbè: Káàbọ̀, ìyá wa, káàbọ̀.

Ẹ wo ìlà kejì lílé dáadáa. Ohun méjì tí ojú rí ni ó wà níbẹ̀, igbá àti fìtílà, kò sì sí ọ̀rọ̀-ìṣe kankan. Fìtílà ni ó sọ fún wa pé ilẹ̀ ti ṣú, láìjẹ́ pé a pe òru. Ní ìlà kẹta, mo lè kọ «Ìfẹ́ ìyá kò lópin», ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ni ó lè sọ ìyẹn nípa ìyá ẹnikẹ́ni. Àkàrà tí ìyá rántí rà lẹ́yìn tí ó ti tajà títí ilẹ̀ fi ṣú sọ ohun kan náà, etí sì gbà á gbọ́. Bí ẹ bá ń kọ, ẹ máa bi ara yín léèrè pé: kí ni mo rí, kí ni mo gbọ́, kí ni ọwọ́ mi kàn? Ìdáhùn sí ìwọ̀nyí ni kí ẹ fi ṣe lílé.

Kò sí ìdí láti máa wá ọ̀rọ̀ tí òpin wọn jọra bí àwọn olórin èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe. Ohun tí ó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún wa ni kí àpólà méjì rìn ní ọ̀nà kan náà, bí «igbá lórí, fìtílà lọ́wọ́» ti rìn. Òwe náà wúlò, pàápàá èyí tí ó pín sí méjì, nítorí pé a lè fi apá kan lé kí a sì fi apá kejì gbè: «Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ» lẹ́nu ẹni tí ń lé, «tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè» lẹ́nu àwọn elégbè. Ṣùgbọ́n òwe kan tó fún orin kúkúrú. Orin tí òwe kún inú rẹ̀ bámúbámú kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ẹni tí ó kọ ọ́.

Ẹ ó tún ṣàkíyèsí pé ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lílé kò lè ní ohùn orin kan náà, nítorí pé dò, re, mí wọn kò dọ́gba. Kí èyí má ṣe dà yín láàmú. Bí lílé Yorùbá ti rí nìyẹn láti ayébáyé. Ègbè ni ó dúró sójú kan, òun ni ó sì ń jẹ́ kí orin jẹ́ ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí ohùn ìlà kan padà wá ní ẹsẹ̀ kejì láìyẹ̀, ẹ wá ọ̀rọ̀ tí ohùn wọn bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba. «Bàbá» ní dò mí bí «ìyá», «odò» sì ní re dò bí «ọjà», nítorí náà «Bàbá mi ń bọ̀ látọ̀nà odò» yóò wọ inú ohùn àkọ́kọ́ láìkù síbì kan. Iṣẹ́ ìpààrọ̀ yìí dùn mọ́ mi púpọ̀, mo sì gbà pé kò sí ohun tí ó ń la etí olùbẹ̀rẹ̀ tó o.

Ìlù àti ìwọ̀n

Ẹ fi igo àti ṣíbí lu ìwọ̀n kan tí kò yára, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ orin lé e lórí láìkọrin. Bí ọ̀rọ̀ bá ń kọsẹ̀, ẹ wò ó bóyá fáwẹ̀lì kan ni ó yẹ kí ẹ pajẹ, bí a ti sọ «láti ọ̀nà» di «látọ̀nà». Ẹ rántí pé «ń» jẹ́ sílébù odindi. Bí ẹ bá gbé e mì, «ń bọ̀» yóò di «bọ̀», ìlà yóò sì ṣófo níbẹ̀. Bí ẹ bá ti lè sọ ọ̀rọ̀ náà lórí igo láìdúró, ẹ lè gbìyànjú agogo kóńkóló, èyí tí a ń lù ní ìgbà 7 láàrin ìwọ̀n kéékèèké 12. Ẹ má fipá kọ́ ọ fúnra yín láti inú ìwé; ẹ jókòó ti onílù kan, kí ẹ máa fi ọwọ́ pa á lé itan títí yóò fi mọ́ yín lára.

Ẹni tí ó ní dùùrù kékeré tàbí ètò dùùrù lórí fóònù lè lo ọ̀nà ìrọ̀rùn kan. Ọ̀pọ̀ orin ìbílẹ̀ wa ni ó ń lo òòtẹ̀ márùn-ún péré, àwọn kọ́kọ́rọ́ dúdú orí dùùrù sì jẹ́ márùn-ún nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà bí ẹ bá wá orin yín lórí àwọn dúdú nìkan, yóò ṣòro kí ẹ tó ṣìnà. Ẹ má jẹ́ kí òòtẹ̀ tí ó ga jù lọ àti èyí tí ó rẹlẹ̀ jù lọ jìnnà síra ju òòtẹ̀ 8 lọ, kí àwọn ìyá àgbà àti àwọn ọmọdé lè jọ gbè é.

Ìdánwò, àtúnṣe àti ìpamọ́

Ẹ kọ orin náà fún ẹnì kan tí kò gbọ́ ọ rí, kí ẹ má ṣàlàyé ohunkóhun fún un, kí ẹ sì ní kí ó sọ ohun tí ó gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ṣì gbọ́ ni kí ẹ padà sí, nítorí pé ibẹ̀ ni ohùn ti lòdì, tàbí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti pọ̀ jù. Bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbè láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ègbè tó wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ègbè yín ti dára. Ẹ má ṣe bèèrè pé ṣé ó dùn. Àwọn ará ilé yóò ní ó dùn, ẹ kò sì ní rí ohun kan kọ́ níbẹ̀.

Ní ti àkókò, àgbàlagbà tí ó ní iṣẹ́ àti ẹbí kò lè fi gbogbo ọjọ́ jókòó ti orin. Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ tó, bí ó bá jẹ́ àkókò kan náà, tí fóònù àti jọ́tà sì wà nítòsí. Ó sàn kí ẹ parí orin kúkúrú mẹ́fà ju kí ẹ máa tún orin gígùn kan ṣe fún oṣù mẹ́fà lọ, nítorí pé orin tí a parí nìkan ni ó ń fi àléébù rẹ̀ hàn. Ẹ gba gbogbo ẹ̀dà sílẹ̀, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ gbà á mọ́ ọn. Òfin ẹ̀tọ́ àṣẹ̀dá ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà ń dáàbò bo orin tí a ti kọ sínú ìwé tàbí tí a ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ààbò náà sì wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tí ó ni ín, nítorí náà àkọsílẹ̀ tí ó ní ọjọ́ nínú kì í ṣe ohun àmúṣeré.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kọ́ ẹgbẹ́ akọrin tàbí ẹbí yín ní orin náà, ègbè ni kí ẹ kọ́kọ́ fi lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n gbè é títí yóò fi dúró, kí ẹ tó ṣí ẹnu lé. Bí ẹ bá rí onígángan kan, ẹ sọ ìlà lílé kọ̀ọ̀kan fún un láìkọrin, kí ó fi ìlù wí i, kí ẹ sì gbọ́ bóyá ohun tí ìlù wí àti ohun tí ẹnu yín ń kọ bá ara wọn mu. Níbi tí wọn kò bá ti mu, ẹ tẹ̀lé ìlù. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi àyè sílẹ̀ lẹ́yìn ègbè kẹta, kí gángan lè dá ìlà náà wí fúnra rẹ̀ kí ẹ tó tún máa lé lọ.